Ẹni Tí Ìbínú Dojú Kọ: Ìtàn Ipò Táǹkì nínú Eré Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá wọ inú eré World of Warcraft tàbí Final Fantasy XIV lónìí, tó sì fẹ́ bá àwọn olùṣeré mìíràn wọ inú ihò lọ kojú abàmì ẹ̀dá, ó ní láti kọ́kọ́ yan ipò tí yóò dì mú nínú ẹgbẹ́. Ipò mẹ́ta ló wà. Àwọn aṣọṣẹ́ ni yóò máa ṣá ọ̀tá, tí wọn yóò sì máa ta á lọ́fà. Oníwòsàn ni yóò máa wo ọgbẹ́ àwọn yòókù sàn. Ẹni kẹta ni wọ́n ń pè ní táǹkì. Iṣẹ́ táǹkì ni kí ó rí i pé òun nìkan ni ọ̀tá ń lù. Ó wọ ẹ̀wù irin tó nípọn, ó sábà máa ń di asà mú, ó sì ń jẹ ìyà tí ìbá pín kárí gbogbo ẹgbẹ́. Ètò yìí ti mọ́ àwọn olùṣeré lára débi pé ó dà bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹnìkan tó jókòó ní ọjọ́ kan tó pète ipò táǹkì kalẹ̀. Ìbéèrè kan ló bí i, ìbéèrè tí àwọn tó ń ṣe eré ti ń gbìyànjú láti dáhùn láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn: kí ni yóò dá ọ̀tá dúró, tí kò fi ní fi alágbára sílẹ̀ kó lọ pa aláìlágbára tó wà lẹ́yìn rẹ̀? Ní ìbẹ̀rẹ̀, ara alágbára náà ni ìdáhùn, nítorí ó dí ọ̀nà. Nígbà tó yá, ìbínú ọ̀tá fúnra rẹ̀ di ìdáhùn, àyípadà yìí ló sì sọ táǹkì di ohun tó dà lónìí.

Orúkọ náà gba àlàyé díẹ̀. Létí Yorùbá, táǹkì ni ohun ńlá tí à ń pọn omi sí lẹ́yìn ilé tàbí tí à ń da epo bẹntiróò sí. Ogun kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ ń mú wá síni lọ́kàn. Etí yìí kò ṣìnà. Nígbà tí àwọn ará Bírítéènì ń ṣe ọkọ̀ ogun onírin àkọ́kọ́ wọn ní ìlú Lincoln ní ọdún 1915, wọn kò fẹ́ kí amí mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní ohun ìgbómi ni, wọ́n sì pè é ní táǹkì. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1916 ni ọkọ̀ náà kọ́kọ́ jáde sójú ìjà, nínú ogun Somme ní ilẹ̀ Faransé, orúkọ ẹ̀tàn náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí dòní. Ara ọkọ̀ yìí ni àwọn olùṣeré ti yá orúkọ fún ẹ̀dá-ìtàn tí ohun ìjà kì í tètè wọ̀ lára. Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá pè é lè kọ́kọ́ ronú sí alápata, ẹni tó ni apata tí wọ́n fi ń gba idà. Ṣùgbọ́n bí atẹ̀wé bá gbàgbé àmì ohùn, alápatà tó ń pa màlúù tà ni òǹkàwé yóò kà, iṣẹ́ méjèèjì kò sì jọra rárá. Afàyàgbọfà bá a mu jù, ó kéré tán fún apá ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí.

Ìbẹ̀rẹ̀ náà kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà; Lake Geneva, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ni Gygax ń gbé. Orí tábìlì ni wọ́n ti ń ṣe eré náà, pẹ̀lú ìwé, pẹ́ńsù, àti ọmọ ayò olójú púpọ̀ tí wọ́n ń dà láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Olùṣeré kọ̀ọ̀kan gbé ẹ̀dá-ìtàn kan wọ̀, ẹnìkan sì jẹ́ adarí tó ń sọ ohun tí ọ̀tá ṣe. Irú ẹ̀dá-ìtàn mẹ́ta ni ìwé àkọ́kọ́ náà là sílẹ̀: jagunjagun, oṣó àti àlùfáà. Jagunjagun lè wọ ẹ̀wù irin èyíkéyìí tó bá wù ú. Oṣó kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, ìwọ̀n ẹ̀mí rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ó bá dàgbà nínú iṣẹ́, iná tí yóò jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè run odindi agbo ọ̀tá. Níbi tí ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹni tó níye lórí jù nínú ẹgbẹ́ ni ẹni tó rọrùn jù láti pa.

Inú ihò abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń wáyé, àwòrán ilẹ̀ tí adarí ń yà sì sábà máa ń fún ọ̀nà ibẹ̀ ní ìbú ẹsẹ̀ bàtà 10. Kí ẹgbẹ́ tó gbéra, wọn yóò sọ bí wọ́n ṣe tò: àwọn jagunjagun síwájú, oṣó láàárín, ẹlòmíràn sẹ́yìn láti máa wo ẹ̀yìn. Bí ọ̀tá bá yọ, ara àwọn tó wà níwájú ló dí ọ̀nà. Kò sí idán tàbí òfin àrà ọ̀tọ̀ kan nínú èyí. Bí ilẹ̀kùn ṣe ń dí ojú ọ̀nà náà ni. Bí ìjà bá bọ́ sí ìta gbangba, ààbò náà tú, ó sì kù sọ́wọ́ adarí láti sọ bóyá ọ̀tá gbọ́n tó láti sá yí jagunjagun ká. Ènìyàn ni adarí, ó sì lè fi ọgbọ́n orí dájọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ṣe rí. Ọgbọ́n orí yìí gan-an ni kọ̀ǹpútà kò ní.

Àwọn eré kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tó tẹ̀lé ìlànà yìí fi ìtò rọ́pò àyè. Nínú Wizardry, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1981, ẹni mẹ́fà ni ẹgbẹ́. Mẹ́ta wà níwájú, mẹ́ta wà lẹ́yìn, idà kò sì lè kan àwọn ará ẹ̀yìn. Final Fantasy, tó jáde ní Japan ní ọdún 1987, tún dín ọ̀rọ̀ náà kù: ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin ni nǹkan bí ìdajì gbogbo ìkọlù ń bọ́ sí lórí, ti ẹnìkejì jẹ́ ìlàrin, àwọn méjì tó kù sì pín ìyókù. Ní ọdún 1991, nínú Final Fantasy IV, Cecil tó di akọni mímọ́ a máa fò síwájú fúnra rẹ̀ láti gba ìkọlù fún ẹni tó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìwà yìí wu ènìyàn, ṣùgbọ́n eré ẹnìkan ni gbogbo ìwọ̀nyí. Olùṣeré kan ṣoṣo ló ń darí gbogbo ẹgbẹ́. Bí jagunjagun bá jìyà fún oṣó, ọwọ́ kan náà ló ń darí àwọn méjèèjì.

Nígbà tí ènìyàn gidi bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sídìí ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ọdún 1990, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ní ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ti Yunifásítì Copenhagen, ní Denmark, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ DikuMUD. Kò sí àwòrán nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ lásán ló ń sáré kọjá lójú ẹ̀rọ, olùṣeré sì ń tẹ àṣẹ láti rìn, láti jà, láti sá. Wọ́n jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba kóòdù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn eré tó bí sì pọ̀ jọjọ káàkiri ayé. Nínú ayé ọ̀rọ̀ yìí, kò sí ọ̀nà tóóró tí ara lè dí: iyàrá jẹ́ ìpínrọ̀ kan, gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ sì wà nítòsí ara wọn bákan náà. Ẹnìkan ṣoṣo ni abàmì ẹ̀dá máa ń lù lẹ́ẹ̀kan, lọ́pọ̀ ìgbà ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó bá gbọ́n yóò jẹ́ kí jagunjagun kọ́kọ́ ṣá a, àwọn yòókù yóò sì dara pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọ̀tá bá ṣì lọ dojú kọ oṣó, jagunjagun ní àṣẹ kan tó túmọ̀ sí «gbà á là»: bí ó bá ṣiṣẹ́, jagunjagun yóò bọ́ sí ààrin àwọn méjèèjì, ìjà yóò sì di tirẹ̀. Láàárín àwọn tó ń ṣe irú eré báyìí ni orúkọ táǹkì ti di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Wọn kò rí i kọ́ nínú ìwé kankan. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n sọ ọ́.

Àwọn tó ṣe EverQuest, lára wọn Brad McQuaid àti Steve Clover, ti ṣe eré irú DikuMUD pẹ́. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1999 ni EverQuest jáde, ó sì jọ DikuMUD tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi fura pé wọ́n jí kóòdù rẹ̀ ni. Ní ọdún 2000 àwọn tó ṣe é búra ní kíkọ sílẹ̀ pé àwọn kò lo ìlà kan níbẹ̀. Ìmọ̀ràn ni wọ́n mú, wọn kò mú kóòdù. Ṣùgbọ́n ayé tiwọn ní àwòrán: pápá gbayawu, igbó, aginjù, níbi tí ọ̀tá lè gba ọ̀tún tàbí òsì kọjá lára jagunjagun. Kí wọ́n lè mọ ẹni tí ọ̀tá yóò kọjú sí, wọ́n jẹ́ kí abàmì ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ ìkórìíra. Ẹni tó bá ṣá a lọ́gbẹ́, orúkọ rẹ̀ wọ inú àkọsílẹ̀ náà, nọ́ńbà iwájú rẹ̀ sì ń ga bí ọgbẹ́ ṣe ń pọ̀. Ẹni tó bá wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ sàn, orúkọ tirẹ̀ náà wọlé, nítorí àánú tó ṣe fún ọ̀rẹ́ jẹ́ ìwà àìdáa lójú ọ̀tá. Orúkọ tó bá wà lókè ni ọ̀tá ń lọ bá. Jagunjagun wá gba ìmọ̀ iṣẹ́ kan tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú irin tàbí asà, èyí ni ìfínràn: ó lè mú ọ̀tá bínú débi tí orúkọ tirẹ̀ yóò fi gun orí ti gbogbo àwọn yòókù.

Níbí ni orúkọ afàyàgbọfà kò ti tó mọ́. Ẹ̀wù irin ṣì ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n bí ọ̀tá kò bá kọjú sí ẹni tó wọ̀ ọ́, ẹrù lásán ni. Iṣẹ́ gidi táǹkì ti di kí ó jẹ́ ẹni tí ọ̀tá kórìíra jù. Afàbínúmọ́ra ni, ẹni tó ń fa ìbínú mọ́ra, kí ìbínú má baà rí ẹlòmíràn bá.

Ikú kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú EverQuest ìgbà náà. Ẹni tó bá kú pàdánù lára ìrírí tó ti fi ọjọ́ púpọ̀ kó jọ, ẹrù rẹ̀ sì wà lára òkú rẹ̀ níbi tó ṣubú sí, àfi kó padà lọ gbé e, láìní idà, láìní ẹ̀wù. Nítorí náà, bí táǹkì bá ṣubú, ohun tí ẹgbẹ́ pàdánù lè gba odindi alẹ́ láti tún ṣe. Lójú àwọn ọ̀tá ńláńlá, tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń para pọ̀ lọ bá, ìkọlù díẹ̀ ti tó láti pa jagunjagun tó le jù. Àlùfáà ní ìwòsàn kan tó lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú-àáyá 10 ni ó fi ń pè é jáde, táǹkì kò sì lè dúró de ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ohun tí àwọn olùṣeré ṣe ni pé wọ́n to àwọn àlùfáà jọ bí ẹni to ìlẹ̀kẹ̀: ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan ti èkejì bẹ̀rẹ̀, ti ẹ̀kẹta tẹ̀lé e, títí tí yóò fi tún kan ẹni àkọ́kọ́, kí ìwòsàn lè máa dé láìdáwọ́dúró. Bí ẹnìkan bá pẹ́ jù, bí íntánẹ́ẹ̀tì ẹnìkan bá já, okùn ìlẹ̀kẹ̀ já nìyẹn. Ẹ̀mí ẹni kan ṣoṣo ni gbogbo ìṣirò yìí ń ṣọ́, kì í sì í ṣe nítorí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹlòmíràn lọ.

World of Warcraft jáde ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 2004. Ó parí ohun tí EverQuest bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀, ara kò dí ara rárá: olùṣeré lè rin inú olùṣeré mìíràn kọjá, abàmì ẹ̀dá náà lè rin inú wọn kọjá. Ìrántí ọ̀nà tóóró ti parẹ́ pátápátá. Ìbínú nìkan ló kù. Ìṣirò rẹ̀ sì ṣe kedere fún ẹni tó bá wá a dé ìdí. Ẹyọ ọgbẹ́ kan bí ẹyọ ìbínú kan. Ẹyọ ìwòsàn kan bí ìdajì. Kí aṣọṣẹ́ tó wà nítòsí ọ̀tá tó lè já ojú rẹ̀ gbà kúrò lára táǹkì, ìbínú tó fà gbọ́dọ̀ ju ti táǹkì lọ pẹ̀lú ìdá 10 nínú 100. Ẹni tó bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán ní láti fi ìdá 30 jù ú. Eré náà kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Àwọn olùṣeré ni wọ́n ṣe ìdánwò lóríṣiríṣi títí wọ́n fi rí i, wọ́n sì ṣe ètò kékeré bíi KLHThreatMeter àti Omen tí ń fi ìwọ̀n ìbínú han gbogbo ẹgbẹ́ lójú ẹ̀rọ. Ní ọdún 2008 ni ilé-iṣẹ́ tó ni eré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìwọ̀n náà sínú eré fúnra rẹ̀.

Ohun kan wà nínú ètò jagunjagun ti World of Warcraft tó yẹ kí ènìyàn tẹjú mọ́. Agbára tó fi ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni ìrunú, ìrunú yìí sì ń pọ̀ bí ó ṣe ń lu ọ̀tá àti bí ọ̀tá ṣe ń lù ú. Ìyà tó ń jẹ ni epo tó ń lò. Bí kò bá sí ẹni tó ń lù ú, ọwọ́ rẹ̀ rọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjà, nígbà tí kò tíì jẹ ìyà tó, kò lè fa ìbínú tó. Ìgbà yìí gan-an sì ni àwọn aṣọṣẹ́ ń kánjú láti fi agbára wọn hàn. Nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni 40 tí wọ́n ń kó wọ Molten Core, olórí ẹgbẹ́ a máa pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan ọ̀tá títí táǹkì yóò fi fọ́ ìhámọ́ra rẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò bá lè mú sùúrù ni ọ̀tá yóò kọ́kọ́ pa, lẹ́yìn rẹ̀ yóò kan ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Táǹkì lè fínràn lóòótọ́, kí ìbínú rẹ̀ bá ti ẹni tó wà lókè dọ́gba, kí ọ̀tá sì kọjú sí i fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 tipátipá. Ṣùgbọ́n bí aṣọṣẹ́ kò bá dẹ ọwọ́, òun náà ni yóò tún gba ọ̀tá náà padà. Ààbò tí táǹkì ń ṣe kò sí lọ́wọ́ táǹkì nìkan. Àwọn tó ń dáàbò bò ní láti gbà kí ó dáàbò bò àwọn.

Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Òwe náà kò bá táǹkì mu tán, nítorí nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ńlá ìgbà náà, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún ní ìhámọ́ra tuntun tí wọ́n bá rí gbà lára ọ̀tá.

Ìbínú tí a ń fi nọ́ńbà kà kò ràn ènìyàn. Nígbà tí olùṣeré bá ń bá olùṣeré jà, ìfínràn World of Warcraft kò ṣiṣẹ́. Alátakò tó ní ọpọlọ yóò fo táǹkì dá, yóò sì lọ pa oníwòsàn. Warhammer Online, tó jáde ní ọdún 2008 tí ogun láàárín olùṣeré sì jẹ́ òpómúléró rẹ̀, ní láti padà sí ìdáhùn àtijọ́: ó jẹ́ kí ara tún dí ara, àwọn alásà sì lè tò dí ẹnu ọ̀nà. Ní ọdún yẹn kan náà ni Dungeons & Dragons, orísun gbogbo rẹ̀, gbé ìtẹ̀jáde ẹ̀kẹrin jáde, ó sì yá láti ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n kọ ipò olùgbèjà sínú òfin; jagunjagun lè sàmì sí ọ̀tá, bí ọ̀tá náà bá sì kọlu ẹlòmíràn láìfi ti jagunjagun ṣe, wọ́n yóò yọ 2 kúrò nínú ohun tó dà. Àwọn àgbà olùṣeré kan bínú, wọ́n ní wọ́n ti sọ tábìlì di kọ̀ǹpútà. Ẹ̀sùn náà ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n àmì yìí dára ju ìfínràn lọ: kò gba ọgbọ́n orí lọ́wọ́ ọ̀tá, ó kàn jẹ́ kó mọ iye tí àfojúdi yóò ná an ni.

Títí di ìgbà yìí, ẹni tó bá fẹ́ wọ ihò ní láti wá ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, láàárín àwọn tó mọ̀ tàbí tí yóò padà bá pàdé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, World of Warcraft bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹgbẹ́ jọ fún àwọn olùṣeré láti oríṣiríṣi ayélujára tí kò mọ ara wọn rí. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ táǹkì, tó jẹ́ ẹnà àwọn olùṣeré, ti di orúkọ ipò tí eré náà ń kọ sójú ẹ̀rọ pẹ̀lú àmì asà. City of Heroes nìkan kọ́ ló wá ní in mọ́, eré tó ti fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pe ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ láti ọdún 2004. Ẹni márùn-ún ni ẹgbẹ́: táǹkì kan, oníwòsàn kan, aṣọṣẹ́ mẹ́ta. Ẹni kan nínú márùn-ún ló yẹ kó jẹ́ táǹkì, ṣùgbọ́n àwọn tó gbà láti ṣe é kò tó bẹ́ẹ̀. Táǹkì ló ń rìn síwájú, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà. Bí aṣọṣẹ́ kan bá ń ṣe ìmẹ́lẹ́, ìjà yóò kàn pẹ́ díẹ̀ ni. Bí táǹkì bá ṣàṣìṣe, gbogbo wọn kú, gbogbo wọn sì mọ ẹni tó fà á. Láàárín ọ̀rẹ́, wọn yóò fi rẹ́rìn-ín. Láàárín àjèjì mẹ́rin tí kò ní rí ara wọn mọ́, èébú ló sábà máa ń tẹ̀lé e. Ẹni tó ń gba ìbínú abàmì ẹ̀dá wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ti ènìyàn mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ sì pinnu pé àwọn kò lè gba méjèèjì. Aṣọṣẹ́ a máa dúró pẹ́ lórí ìlà, nígbà tí táǹkì ń wọlé ní kété tó bá kan ilẹ̀kùn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹni tó bá gba ipò tó ṣọ̀wọ́n ní àpò ẹ̀bùn. Wọn kò fi pamọ́ pé táǹkì ni àwọn ń wá jù.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, Guild Wars 2 jáde pẹ̀lú ìlérí pé òun yóò pa ipò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́. Kò ní sí ẹni tí yóò máa dúró de táǹkì mọ́: olùṣeré kọ̀ọ̀kan ní ìwòsàn tirẹ̀, ẹnikẹ́ni lè jí ẹlẹgbẹ́ tó ṣubú dìde, oníkálukú sì ń yẹ ìkọlù fúnra rẹ̀. Òmìnira náà dùn mọ́ ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n nínú ihò, ìjà sábà máa ń di rúkèrúdò, nítorí kò sí ẹni tó lè sọ ibi tí ọ̀tá yóò kọjú sí. Ní ìparí ọdún 2015, lẹ́yìn tí ìtẹ̀síwájú rẹ̀, Heart of Thorns, jáde, eré náà ṣí ìjà ẹlẹ́ni 10 tó le jù lọ sílẹ̀. Ọ̀tá ńlá àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ ń bá pàdé níbẹ̀ ni Vale Guardian. Bí ó bá jí, yóò wo àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, yóò wá ẹni tí ìhámọ́ra rẹ̀ nípọn jù láàárín wọn, òun ni yóò sì máa tẹ̀ lé káàkiri gbàgede náà.